Marúgbó Tí Kì Í Ṣe Marúgbó

Bí mo ṣe dé òkè òkun kò kàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀ kó lọ bi àwọn tó ń ṣe ìwé ìrìnnà ní Enerhen, nílùú Warri, wọ́n á pa irọ́ tó dùn fún un. Èyí tó kàn yín ni pé mo dé ibẹ̀, òtútù sì gbá mi létí kí ẹnikẹ́ni tó kí mi káàbọ̀.

Èmi yìí, ilé ìwé gíga ni mo ti sá, ní ọdún kejì. Àwọn ẹbí mi máa ń sọ fún àlejò pé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ló dá mi dúró. Irọ́ ni. Ìyanṣẹ́lódì parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi padà sí kíláàsì, èmi ṣì wà nílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ugborikoko, mò ń bá àwọn tí kò mọ̀ mí jiyàn lórí ẹsẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ wá. Wọ́n ní Warri no dey carry last. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ìkẹyìn ṣá. Mo bá wọn gbé e.

Ìlàjẹ ni wá. Ìyá mi ń yan ẹja lẹ́bàá odò ní Warri, èéfín ti wọ ohùn rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń sọ èdè ilé fún mi, tí èmi ń fi Pidgin dá a lóhùn. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Ó ń sọ tirẹ̀, mò ń sọ tèmi, a sì ń gbọ́ ara wa yé, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá dórí oúnjẹ.

Iṣẹ́ tí mo rí nílùú Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọgbà ni. Kì í ṣe ọgbà tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí o. Ọgbà tí wọ́n kó igi gbogbo ayé jọ sí, tí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bí ẹlẹ́wọ̀n, tí àwọn èèyàn sì ń sanwó wọlé wá wò ó láìjẹ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rí ọ̀pẹ kan níbẹ̀. Ọ̀pẹ lásán, irú èyí tó ń hù lẹ́yìn ṣáláńgá. Wọ́n fi okùn yí i ká, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síwájú rẹ̀. Bàbá àti ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń wò ó. Mo dúró, mo ní kí n rí ohun tí ọ̀pẹ náà fẹ́ ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n jẹ búrẹ́dì tán, wọ́n dìde, wọ́n ní ó mà dára o.

Fíónà ni obìnrin tó gbà mí síṣẹ́. Òun ni ọ̀gá ilé onídígí, ilé gàgàrà kan tí ògiri àti òrùlé rẹ̀ jẹ́ dígí látòkè délẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú igi ilẹ̀ olóoru sí. Ó bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa igi.

"Bàbá bàbá mi, elégbòogi ni," mo ní.

Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó rí owó he. Ẹ gbọ́, bàbá bàbá mi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe títí ó fi kú. Ewé kan ṣoṣo tó mọ̀ ni tábà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé tí èèyàn dúdú bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, wọ́n á rò pé ọgbọ́n ló ń bọ̀. Mo dákẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fún mi ní ìwé iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, wọ́n ní tí inú wọn bá dùn sí mi, wọ́n á sọ ọ́ di ọdún méjì. Láìsí ọdún méjì yẹn, mi ò ní ìwé tí mo lè fi dúró nílùú náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Òun ni mo ń lé kiri nínú gbogbo ìwà ọ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Inú ilé dígí yẹn, òógùn ń bò mí. Omi ń kán láti òkè, ilẹ̀ ń rùn bí ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́yìn òjò. Mo sá fún ooru Warri, mo kọjá òkun, wọ́n wá ń sanwó fún mi kí n dúró nínú ooru Warri tí wọ́n fi gáàsì sè. Gáàsì, nǹkan tí wọ́n ń sun dànù sójú ọ̀run tọ̀sán-tòru lọ́dọ̀ wa. Tí mo bá jáde síta lọ jẹun, òtútù á rán mi létí ibi tí mo wà. Tí mo bá padà wọlé, ara mi á tún parọ́ fún mi pé mo ti délé. Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ni mò ń kúrò nílé, tí mò ń padà sílé, nínú bàtà rọ́bà.

Iṣẹ́ mi ni kí n fa koríko, kí n bomi, kí n fi aṣọ tútù nu ewé. Ẹ gbọ́ dáadáa. Kí n nu ewé. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi tó tọ́ ọmọ mẹ́rin kò nu ojú wa tó bẹ́ẹ̀.

Fíónà fẹ́ràn kó máa la ìtàn ọgbà náà yé mi. Ó ní láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun máa ń kó ọmọ igi sínú àpótí onídígí kí iyọ̀ má bàa pa wọ́n, wọ́n á gbé wọn láti ilẹ̀ tó ni wọ́n lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n á ti fi wọ́n pawó. Igi rọ́bà tí wọ́n ń kọ lára lọ́nà Sapele, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa rárá. Irú ọgbà báyìí ló mú ìdílé rẹ̀ rìnrìn àjò. Mo ronú sí i. Igi kọjá òkun, kò sẹ́ni tó bi í ní físà. Ó tún fi yàrá kan hàn mí tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sí, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, tí orúkọ òyìnbó tó já a wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀ fún òyìnbó náà kò sí níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó gun igi náà kò sí níbẹ̀. Fíónà sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Mo bá a fajú ro. Àsìkò oúnjẹ ti tó.

Ẹni rere ni Fíónà, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti fara dà á.

Nílé, mo ní yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àti ògiri kan tó máa ń ṣomi. Àwọn tó ń gbé lápá ọ̀tún mi, ikọ́ wọn nìkan ni mo mọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi nínú ilé náà, ẹni tó pè é sì jẹ́ ẹni tó wá gbé lẹ́tà tó ṣìnà. Mo máa ń bú ara mi sókè kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ìjọ aláṣọ funfun kan wà nílùú náà, Ìlàjẹ ló pọ̀ níbẹ̀, ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ. Ẹni tó ti sá fún ilé ìwé kò lè máa sáré wọ ibi tí wọ́n á ti bi í pé kí lo kà.

"Ọma mi," ìyá mi á sọ lórí fóònù. Bí Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn. "Ṣé o ti dé ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mama, work too much."

"Mo ti sọ fún wọn níbí pé dókítà igi ni ẹ́."

"Mama, I be labourer."

"Dókítà náà ń ṣe lébírà," ó ní.

Mo ní ìṣẹ́gun kan ṣoṣo lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú adágún ilé dígí dákẹ́. Wọ́n pe ẹni tó ń tún un ṣe, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tú u, mo rí okùn ewé tó wé mọ́ ọn nínú, mo yọ ọ́, mo nu ojú iná rẹ̀, mo dè é padà. Ó jí. Nǹkan tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ń ṣe létí odò wa ni. Fíónà pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin àti omi," ó ní, "ẹ ṣì ní àjọṣe." Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni o. Kò bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ká ní ó bi mí ni, òótọ́ ni ǹ bá sọ.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ló mú ọ̀rọ̀ àkọlé wá. Igi kọ̀ọ̀kan ní pátákó kékeré tí orúkọ ìwé rẹ̀ wà lára rẹ̀, èdè Látìnì tí ẹnikẹ́ni kì í sọ mọ́. Ọgbà fẹ́ fi orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe igi náà kún un. Àwọn tó ń fún ọgbà lówó fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ wá wò ó. Mọ́kànlá nínú igi tó wà lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wá, tàbí ìtòsí rẹ̀.

"Ìwọ lo máa kọ ọ́," Fíónà ní. "Ìmọ̀ àwọn bàbá rẹ. Tí ó bá parí kí àwọn àlejò tó dé, mo lérò pé ọ̀rọ̀ ọdún méjì yẹn ti yanjú."

Mo dákẹ́ bí ọlọ́gbọ́n. Ìmọ̀ àwọn bàbá mi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ alágbára ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Mo pe ìyá mi, mo fi fídíò hàn án.

"Mama, wetin be this?"

"Ewé ni."

"This one nko?"

"Ewé náà ni. Ṣé o ti jẹun?"

"Mama, the name. Wetin una dey call am?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo mọ ewé? Ẹja ni mo mọ̀. Gbé fóònù náà sókè, jẹ́ n rí ojú ẹ. O ti gbẹ."

Bí mo ṣe di onírọ́ tó ń gba owó oṣù nìyẹn. Òdòdó ńlá kan wà níbẹ̀ tó máa ń là lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mélòó kan, tó ń rùn bí òkú ẹran, tí àwọn èèyàn sì ń tò láti wá gbóòórùn rẹ̀. Mo kọ *Ìbọ̀sẹ̀ Ọ̀gá* sí i. Ìbátan ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tí kì í so, mo pe ìyẹn ní *Ọmọ Yunifásítì*, mo fi bú ara mi. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan di *Onílé Ń Kànlẹ̀kùn*. Mo lọ bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀kẹwàá. Nígbà tí Fíónà bi mí ìtumọ̀ Ìbọ̀sẹ̀ Ọ̀gá, mo wo ọ̀ọ́kán, mo ní, "Èyí tí àwọn àgbà ń bọ̀wọ̀ fún." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn, tó rọra ń pè é jáde bí ẹni ń gbàdúrà, "I-bo-se O-ga," tí ọmọ náà sì ń tẹ̀ lé e. Mo lọ sẹ́yìn ìkòkò kan, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ìyẹn ni mo sọ fún ara mi. Kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ọ̀kan ló kù, ẹ̀kọkànlá. Igi kan tó ń fà bí okùn gun òpó irin, ewé rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀. Wọ́n ní inú igbó ilẹ̀ wa ni wọ́n ti mú baba rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ebi ń pa mí, kì í ṣe ebi búrẹ́dì. Mo wo ewé náà, mo sì rí pákó tí ìyá mi fi ń gé ewé, mo rí ọbẹ̀ dúdú, mo rí pùpùrù, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Marúgbó ni. Ó dá mi lójú. Ewé tí ilé wa ń pè ní marúgbó, tí àwọn Ìsẹ́kírì tó múlé tì wá ń pè ní orúkọ tiwọn, tí wọ́n máa ń sè fún obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí inú rẹ̀ lè mọ́. Ojú mi tiẹ̀ ṣomi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ sí ìyẹn. Mo fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́: *Marúgbó*.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, òun nìkan ni mo fi òótọ́ inú kọ, òun ló sì fẹ́ pa èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tí àwọn àlejò ń bọ̀, wọ́n ti yọ gbogbo pátákó ìkìlọ̀ kúrò, àwọn tí mo ti ń nu eruku lára wọn láìka ọ̀kankan rí, kí wọ́n lè fi tuntun tó ń dán rọ́pò wọn. Àwọn tuntun náà kò tíì dé. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń fi aṣọ nu ewé, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Ọlọ́run á bù kún ẹni tó kọ eléyìí."

Ìyá kan ni, ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, ó wé gèlè lé fìlà onírun. Ìka rẹ̀ wà lórí àkọlé marúgbó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ṣé o gbọ́ Yorùbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni mo kọ ọ́." Ẹ wo àyà mi bó ṣe wú.

"Ìwọ?" Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń gbọ̀n ọ́n. Ó ní láti Igbókòdá lòun ti wá, ọmọ òun obìnrin ló bímọ, ọjọ́ kẹsàn-án nìyí, òun ti wá marúgbó kiri gbogbo ilé ìtajà àwọn èèyàn wa nílùú náà, òun ò rí. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun àwọn èèyàn wa ló ní kí òun wá ṣeré ní ọgbà, kí òun yé jókòó. "Ṣé mo lè mú díẹ̀?"

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já ohunkóhun. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé, ẹnì kan ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi.

"Mama, take am," mo ní. "Who go talk?"

Mo kẹ́yìn sí i kí n má bàa rí i. Mo ń gbọ́ bí ewé ṣe ń já, pẹ́, pẹ́, pẹ́. Ó ṣàdúrà fún mi pé mi ò ní sọnù. Ó lọ.

Ó tó wákàtí kan kí Fíónà tó wọlé. Ó dúró níwájú òpó náà.

"Ta ló bọ́ igi yìí lẹ́wù?" Ó fọwọ́ kan ibi tí ewé ti já. "Nínú gbogbo igi tí olè lè jí. Ṣé o mọ èyí? Oró ọfà ni àwọn ọdẹ máa ń fi í ṣe. Ọkàn ló ń dá dúró. Wọ́n ní màlúù tó bá jẹ ẹ́ kì í jìnnà."

Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ mọ̀ kí orí mi tó mọ̀. Mo ti wà lójú ọ̀nà, nínú òtútù, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, kí n tó rí i pé aṣọ ìnuwé ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ibùdókọ̀ ṣófo. Bọ́ọ̀sì ti gbé e lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ilé ọmọ rẹ̀. Nǹkan méjì ni mo mọ̀: Igbókòdá, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń sá fún.

Mo pe ìyá mi.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" ó ní. "O ń mí bí ajá."

"Mama, one old mama dey here, from Igbókòdá. Her daughter just born. Na your church she dey go. I need the number now now."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mama, abeg."

"Sọ fún mi ná."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sínú Yorùbá. "Ìyá, mo kọ marúgbó sára ewé olóró. Mo ní kí ó já a. Ó fẹ́ sè é fún ọmọ rẹ̀."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. "Má kúrò níbi tí o wà," ó ní, ó gé fóònù.

Mo dúró. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo máa ń rò nípa ìyá mi àtàwọn ìyá ìjọ rẹ̀. Mo ní òfófó ni wọ́n, òfófó tó wọ aṣọ funfun. Ta ló bímọ, ta ni kò bímọ, ọmọ ta ló wà níbo. Ní Warri, tí wọ́n bá jókòó síwájú ilé wa, mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Òfófó yẹn ló wá gbéra. Ìyá mi pe ìyá ìjọ wọn, ìyá ìjọ pe àbúrò rẹ̀ ní Igbókòdá, àbúrò náà rìn dé ilé tí wọ́n ti ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ láìsí ọmọ náà níbẹ̀. Mi ò tíì nu ikun òtútù nímú tán tí nọ́ńbà fi wọlé. Ọlọ́pàá ìlú yẹn ì bá ṣì máa bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ Igbókòdá.

Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Ariwo bílẹ́ńdà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹun," mo ní. "Ẹ fún Màmá ní fóònù."

"Ìwọ ta ni?"

"Ẹ fún Màmá ní fóònù, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá dé. "Ta nìyẹn?"

"Màmá, èmi ni, ọmọ inú ilé dígí. Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́?"

"Mò ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Pùpùrù ti délẹ̀. Kí ló dé?"

"Kì í ṣe marúgbó, mà. Olóró ni. Ẹ dà á nù, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má tọ́ ọ wò."

Ariwo bílẹ́ńdà dúró. Mo gbọ́ tí ọmọ tuntun ń ké nínú yàrá.

"Mo rí i pé kò jọ ọ́," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ojú mi sọ fún mi. Mo ní bóyá òtútù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ṣé àwa náà ò jọ ara wa mọ́ níbí. Imú mi sì ti dí láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ní ta ló máa fi èdè wa parọ́ fún wa ní ilẹ̀ àjèjì?"

"Èmi ni, mà."

"Ìlàjẹ ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò mọ marúgbó?"

"Inú abọ́ nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n, mà."

"Wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi," ó ní. Kò dà bí ìdáríjì. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ránṣẹ́ pe èèyàn.

Mo padà sí ilé dígí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Fíónà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá mi. Ó jókòó sínú bárò. Ó dìde, ó fúnra rẹ̀ lọ gbé pátákó ìkìlọ̀ àtijọ́ wá látinú yàrá irinṣẹ́, ó so ó mọ́ òpó irin igi náà, ó yọ marúgbó mi. Ó padà jókòó.

"Ìbọ̀sẹ̀ Ọ̀gá ńkọ́?"

Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ìbọ̀sẹ̀," ó ní. "Ìbọ̀sẹ̀ tèmi?" Mo fojú wolẹ̀. Ó pa ojú rẹ̀ dé díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi lójú ẹsẹ̀, inú mi tiẹ̀ ti ń fúyẹ́. Ó wá ní, "Àwọn mẹ́wàá tó kù, ṣé wọ́n lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá?"

"Rárá."

"Jẹ́ kí wọ́n wà títí di Ọjọ́bọ̀, kí àwọn àlejò lọ tán. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì rẹ á lọ bẹ́ẹ̀. A lè tún un ṣe tó bá yá." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú àwọn tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ mi gan-an. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lẹ́yìn ìkòkò, mo rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó rùn ju òdòdó yẹn lọ.

Ẹ má rò pé mo di èèyàn gidi o. Mo lọ sílé, mo ka ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá dákẹ́: ọdún méjì, ìwé, ìyá mi á sọ fún ìjọ pé wọ́n ti gbé dókítà ga. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Òun nìkan ni iṣẹ́ tí mo kọ́ parí. Ṣùgbọ́n pẹ́, pẹ́, pẹ́ yẹn kò kúrò létí mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó ṣí ọgbà, mo wọlé pẹ̀lú bárò, mo fa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tu. Ó rọrùn ju koríko lọ. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ihò ni wọ́n bá nídìí igi. Mi ò sí níbẹ̀ láti rí ojú wọn. Fíónà ló gbé ìwé fún mi lọ́sàn-án, ó ní wọ́n ní mo ba ohun ìní ọgbà jẹ́. Pé mo parọ́ kò sí nínú ìwé náà. Pé mo ní kí wọ́n já ewé kò sí níbẹ̀. Fífà tí mo fà á tu ni wọ́n fi lé mi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ó dun òun. Mo gbà á gbọ́. Ẹni rere ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mo dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo jókòó nítòsí ilẹ̀kùn bí olè. Wọ́n ti gbọ́. Gbogbo wọn pátá. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn ìyá yí mi ká, Màmá Igbókòdá wà láàárín wọn. Wọ́n ti fi marúgbó gbígbẹ ránṣẹ́ sí i láti ilé, ó bù díẹ̀, ó rún un ní àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sábẹ́ imú mi.

"Gbóòórùn."

Òórùn náà wọ̀ mí dé ibi tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Ewé ilé dígí yẹn kò ní òórùn kankan. Ká ní mo ti rún un gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan péré.

"Èyí ni marúgbó," ó ní. "Òpè." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyá kan ti fi abọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan nínú ìjọ náà ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ odò ṣe. Ibẹ̀ ni mo wà di òní, ìwé mi ṣì ń rìn lọ́wọ́ lọ́yà, ó ń rìn bí arọ. Gíríìsì wà léèékánná mi. Kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa ìmọ̀ àwọn bàbá mi níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń gbé wá. Ìyá mi ti yí orúkọ oyè mi padà, dókítà ọkọ̀ ni mí báyìí. Èdè ilé ni mo fi ń dá a lóhùn, ó sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní mò ń sọ ọ́ bí ọmọ Ìsẹ́kírì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọbìnrin wa.

Màmá Igbókòdá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ọgbà náà lọ́sẹ̀ tó kọjá kó tó padà sílé. Ó ní nǹkan kan ṣì wà lára òpó irin yẹn, lábẹ́ pátákó ìkìlọ̀, ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí mo fa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tu tán, mo yí ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn sójú, mo fi bírò dúdú kọ ọ́, mo fi wáyà dè é mọ́ òpó kí ó má bàa tú. Bóyá wọ́n rò pé orúkọ igi náà ni. Wọ́n á máa pè é jáde jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà:

*Kì í ṣe marúgbó. Má jẹ ẹ́.*